Ẹni Tí Ara Rẹ̀ Ṣàjèjì Sí I Kì Í Ṣe Wèrè

Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ní, "Ó ń ṣe mí bí ẹni pé èmi kọ́ ni èmi, bí mo bá ń sọ̀rọ̀, ohùn mi ń dún létí mi bí ohùn ẹlòmíràn," kò sẹ́ni tí í wo ilé kankan kí orúkọ tó balẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní orí rẹ̀ ti dàrú. Olùkọ́ á ní ọ̀lẹ ni. Àwọn ará ilé á ní ayé ló ń bá a jà. Orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó bá ọmọ náà mu.

Depersonalization ni àwọn oníṣègùn ń pe àìsàn yìí. Ẹni tó ń ṣe a máa wo ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ẹlòmíràn láti òkèèrè. Ọwọ́ rẹ̀ ń kọ̀wé, ṣùgbọ́n kò jọ ọ́ bí ọwọ́ ara rẹ̀. Ó rántí ìgbà èwe rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìtàn tí wọ́n pa fún un ló rí. Ó mọ̀ pé òun fẹ́ràn ìyá òun, síbẹ̀ kò mọ ìfẹ́ náà lára mọ́.

Ibi tí àwọn tó ń pè é ní wèrè ti ṣìnà nìyí: ẹni tí wèrè ń ṣe kì í sábà mọ̀ pé nǹkan ṣe òun. Ọmọ yìí mọ̀. Kò sọ pé òun ti di ẹlòmíràn. Ohun tó sọ ni pé ó rí "bí ẹni pé". Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni ààlà tó wà láàárín àìsàn méjèèjì. Olùkọ́ Yorùbá tó ń kọ́ ọmọ ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín àfiwé tààrà àti àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ kò yẹ kó gbọ́ ọ ní àgbọ́ọ̀gbọ́tán.

Àwọn kan á ní àìsàn òyìnbó ni. Lóòótọ́, Ludovic Dugas, ará Faransé, ló sọ ọ́ lórúkọ ní ọdún 1898. Ṣùgbọ́n inú ìwé tí Henri-Frédéric Amiel, òǹkọ̀wé ará Geneva, fi ń ṣàkọsílẹ̀ ìgbésí ayé ara rẹ̀ ló ti mú ọ̀rọ̀ náà. Òǹkọ̀wé ló kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ fún ohun tó ń ṣe é. Orúkọ ló ti ìlú òyìnbó wá. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ìwé atọ́nà DSM-5 tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní ọdún 2013 sọ pé nǹkan bí ìdajì àwọn àgbàlagbà ló ti rí i rí fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà tí kò bá lọ mọ́, tàbí tó ń padà wá léraléra, tó sì ń dí iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, ló tó di àìsàn. Nǹkan bí ènìyàn 2 nínú 100 ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìwé yẹn kan náà sọ pé, bí a bá pín in dọ́gba, ọmọ ọdún 16 ni ó ń bẹ̀rẹ̀ lára ènìyàn. Ọjọ́ orí ilé-ìwé girama nìyẹn. Ìbẹ̀rù tó lágbára, èébú àti ìpatì nígbà èwe, àti igbó mímu wà lára ohun tó ń fà á. Kí wá ni ẹgba fẹ́ ṣe níbẹ̀? Ọmọ tí èébú ti lé kúrò nínú ara rẹ̀, ṣé èébú náà ni wọn yóò fi pè é padà? Ìbẹ̀rù pé òun fẹ́ ya wèrè wà lára ohun tó ń jẹ ẹ́ níyà. Ẹni tó bá pè é ní wèrè ń da epo sí iná.

Nígbà tí Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro, ní Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954, àárín àwọn ará abúlé ló fi àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú gan-an sí, tí mọ̀lẹ́bí wọn sì wà pẹ̀lú wọn. Bí irú wọn bá yẹ láàárín ènìyàn, mélòó mélòó ni ọmọ tí òye rẹ̀ pé?

Kí olùkọ́ jókòó ti ọmọ náà. Kí ó bi í ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń sùn àti ohun tó ń bà á lẹ́rù. Kí ó sọ fún un pé kò ya wèrè, kí ó sì bá àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ọpọlọ. Kò tíì sí oògùn kan pàtó fún un, ṣùgbọ́n ìtọ́jú tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣe ń ran ènìyàn lọ́wọ́. Ọmọ tó ń wá ara rẹ̀ kiri, ibi tí wọ́n bá ti fetí sí i ni yóò ti rí i.