Oyè Fìlọ́sọ́fì àti Oúnjẹ Òòjọ́

Ní Ọ̀tà wa yìí, níbi tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ti gba ilẹ̀ títí dé Àgbárá, bí ọmọ kan bá wí pé òun ń lọ gba oyè kejì nínú ìmọ̀ fìlọ́sọ́fì, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ilé yóò fi pàdé rẹ̀: kí ni yóò fi í ṣe? Ìbéèrè náà kò burú. Owó ilé-ìwé kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run.

A kò ní tan ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí ó bá oyè yìí mu jùlọ ni iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì, àyè rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹni tí ó bá ń lépa rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró lórí oyè kejì. Oyè ọ̀mọ̀wé ni kí ó fojú sí.

Ṣùgbọ́n ta ni Gíwá àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní Àgọ́-Ìwòyè, ní 1982? Ọ̀jọ̀gbọ́n Olubi Sodipo ni, ẹni tí ó ti kọ́ni ní fìlọ́sọ́fì ní Ifẹ̀. Sophie Oluwole pẹ̀lú gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Ìbàdàn ní 1984, ó sì kọ́ni ní Yunifásítì Èkó. Ó fi Ọ̀rúnmìlà jókòó ti Socrates ará Gíríìsì nínú ìwé rẹ̀, ó sì fi í dá àwọn tí ń wí pé àwọn baba wa kò mọ èrò í rò lóhùn. (Àwọn ọmọ wa tìkára wọn wà nínú àwọn tí ń wí bẹ́ẹ̀!)

Ẹni tí agbára ilé rẹ̀ kò bá tó, kí ó kọ́kọ́ gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́, kí ó ríṣẹ́, kí ó sì fi owó oṣù rẹ̀ máa bá ẹ̀kọ́ náà lọ.