Ìpè Aláàlà àti Ìpè Amésìwá Nínú Eré Bíríìjì

Ìpè méjì ni onítumọ̀ ọ̀rọ̀ eré bíríìjì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Nínú ìlànà ti Amẹ́ríkà, ẹni tí ó fi 'ọ̀kan láìsí káàdì-àṣẹ' bẹ̀rẹ̀ ń sọ pé máàkì 15 sí 17 wà lọ́wọ́ òun, nínú 40 tí gbogbo káàdì ní. Ó ní ìsàlẹ̀, ó sì ní òkè. 'Ìpè aláàlà' bá a mu ju 'ìpè olópin' lọ. Alábàáṣe lè ṣírò, kí ó sì dákẹ́. Irú kejì, bí ìgbà tí olùdáhùn bá dárúkọ ẹ̀yà káàdì tuntun, kò fẹ́ ìdákẹ́. Bí a bá pè é ní 'ìpè afipámúni', akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe bí òfin eré ni ó de ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ òfin gba ìdákẹ́ láyè, àdéhùn àwọn alábàáṣe ni kò gbà á. 'Ìpè amésìwá' ni kí ó jẹ́.