Ẹni Tó Ti Gbowó Ti Tajà

"Àṣìṣe ni iye tá a kọ." Ohun tí àwọn ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ń sọ nìyẹn lẹ́yìn tówó ti wọ àpò wọn tán. Èmi ò gbà!

Iye ara ọjà nìkan kì í ṣe àdéhùn, mo mọ̀. Lọ́dún 1953, ilé-ẹjọ́ ìlú Òyìnbó sọ nínú ẹjọ́ Boots pé ìgbà tí agbowó bá gbà fún oníbàárà ni ọjà tó tà. Àwọn ìyá Ọjà'ba kò kàwé òfin kí wọ́n tó mọ èyí: ẹ ó nájà, wọ́n á ní, "Ó yá, mówó wá." Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbowó, ta ni wọ́n ń sáré lé dé Bẹẹrẹ pé àwọn ṣì í pè?

Bí àṣìṣe bá hàn gbangba, bíi fíríìjì ní ọgọ́rùn-ún náírà, kí wọ́n dáwó padà. Ẹjọ́ Hartog lórí awọ ehoro, lọ́dún 1939, ti fìyẹn múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀dínwó díẹ̀ ńkọ́? Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2018, ní kí wọ́n má gbà ju iye tí wọ́n kọ síta.

Ẹ tọ́jú rìsíìtì yín, ẹ gbé e lọ bá àjọ FCCPC. A kì í gbowó tán ká tún máa nájà.