Eegun Sísè Kì í Ṣe Fún Ajá

Ajá gbọ́dọ̀ rí nǹkan họ. Eyín 28 ni ọmọ ajá kọ́kọ́ máa ń hù. Láàárín nǹkan bí oṣù 4 sí oṣù 7, wọ́n á yọ dànù, 42 tí yóò bá a dàgbà á sì rọ́pò wọn. Lásìkò yẹn èrìgì a máa yún un, bàtà, ìgbálẹ̀ àti ẹsẹ̀ àga kì í sì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó ti dàgbà náà ń họ nǹkan, pàápàá ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ láti ṣọ́lé, bí wọ́n ti ń ṣe ní Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti káàkiri Rẹ́mọ. Bí kò bá rí nǹkan gidi, ṣéènì ọrùn rẹ̀ ni yóò máa họ, irin á sì jẹ eyín rẹ̀ tán. Rọ́bà líle tí wọ́n dìídì ṣe fún ajá ni ó tọ́ sí i. Eegun sísè kò tọ́ sí i rárá, ti adìẹ ló sì burú jù.

Ọ̀rọ̀ yìí kì bá tí gba àríyànjiyàn bí kì í bá ṣe ti baba kan tí àwọn aládùúgbò ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, tó sọ níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìkẹ́nnẹ́, bí wọ́n ṣe ń da eegun inú àwo sílẹ̀ fún ajá ilé, pé: “Eegun kì í há ajá lọ́fun. Ajá òyìnbó ni wọ́n ń ra nǹkan ìṣeré fún.” Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bàbá ti sọ òótọ́. Irọ́ ni bàbá pa. Ọ̀fun ajá lókà kò yàtọ̀ sí ọ̀fun Jámánì Ṣẹ́pẹ́dì. Eegun tútù ṣì máa ń tẹ̀ díẹ̀. Tí iná bá ti kàn án, agbára tó so ó pọ̀ á tán, á wá máa fọ́ sí ṣóńṣó-ṣóńṣó. Ti adìẹ, tó tín-ín-rín tí inú rẹ̀ sì ṣófo, ló ń yára fọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣóńṣó yẹn lè há sí ọ̀fun, ó lè lu ìfun, ó sì lè dì mọ́ ìdí tí ajá kò fi ní lè yàgbẹ́.

Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn máa ń sọ pé ajá bàbá àwọn jẹ eegun, kò sì kú. Ta ló la inú èyí tó kú wò? Bí ajá bá kú lójijì ní àdúgbò, májèlé ni wọ́n máa ń pariwo, aládùúgbò tí kò fẹ́ràn ajá ni wọ́n sì ń nàka sí. Àwọn ilé kan ti tìtorí rẹ̀ dẹ́kun àtikí ara wọn, nígbà tó jẹ́ pé eegun àríyá lè wà nínú òkú ajá náà. Wọ́n tún ń tọ́ka sí ajá ọdẹ. Ìfun àti ẹran tútù ni ọdẹ ń ju fún ajá nínú igbó. Adìẹ àríyá tí wọ́n sè tí wọ́n tún dín kò sí níbẹ̀.

Ẹnu bàbá yẹn kan náà ló sọ nígbà kan pé abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi kò kan ajá lókà, pé àgbo ló ń wò ó. Bí àmì dìgbòlugi bá ti hàn lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ó tó yè é, ajá ló sì ń kó èyí tó pọ̀ jù lọ ran ènìyàn. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbàgbé, kò sì ṣeé foríjì.

Ní ti rọ́bà, ní àwọn ọdún 1970 ni ọkùnrin kan ní Colorado ní Amẹ́ríkà, Joe Markham, rí i pé ajá òun, Fritz, ń họ òkúta débi tí eyín rẹ̀ ń bàjẹ́. Níbi tó ti ń tún ọkọ̀ Volkswagen rẹ̀ ṣe, Fritz he rọ́bà kan tó tú lábẹ́ ọkọ̀, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀ mọ́. Láti ara rọ́bà yẹn ni Markham ti ṣe nǹkan ìṣeré ajá tó ń jẹ́ KONG. Èyí kò sọ pé kí ènìyàn lọ ṣa rọ́bà àlòkù ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì: ọ́ìlì ti mu ún yó, irin sì máa ń wà nínú rẹ̀. Wáyà ló kún inú táyà náà.

Nígbà tí wọ́n bá ń ra rọ́bà ajá, kí wọ́n fi èékánná àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Bí èékánná kò bá lè wọ̀ ọ́ díẹ̀, ó ti le jù fún eyín ajá, nítorí èèpo eyín ajá fẹ́lẹ́ ju ti ènìyàn lọ. Pátákò àti ìwo màlúù kùnà níbí, bí àwọn alápatà tilẹ̀ ń fi wọ́n tọrẹ: eyín ńlá òkè tí ajá fi ń gé ẹran ni wọ́n máa ń là. Kí rọ́bà náà tóbi débi tí kò ní lè wọ ọ̀nà ọ̀fun. Bọ́ọ̀lù ike ọmọdé tí àwọn kan ń tà fún alájá gẹ́gẹ́ bí ojúlówó nǹkan ajá, ẹ̀tàn ni. Ajá á gé e sí wẹ́wẹ́, á sì gbé e mì.

Awọ màlúù gbígbẹ tí wọ́n ta ní kókó bí eegun kò sàn jù. Ìyekan pọ̀nmọ́ ni; itọ́ ajá á mú kí ó rọ̀, kí ó sì wú, ajá á wá gbé odidi mì, á dí ìfun. Ṣùkù àgbàdo àti kókó mọ́ńgòrò ń ṣe bákan náà, wọ́n sì pọ̀ nílẹ̀ lásìkò òjò. Ṣágámù tún ní ewu tirẹ̀: obì gbànja. Níbi tí wọ́n ti ń bó o tí wọ́n sì ń ṣà á sínú apẹ̀rẹ̀ kí ó tó lọ sí Òkè Ọya, kò yẹ kí ajá máa rìn gbéregbère. Káféènì inú obì lè mú kí ọkàn ọmọ ajá máa lù kìkì, kí ó gbọ̀n, kí ó sì kú.

Bí rọ́bà ajá náà bá ní ihò, tí wọ́n sì fẹ́ fi oúnjẹ kún un, ẹ̀kọ tútù dára. Bí iná bá wà, kí wọ́n gbé e sínú fírísà kí ó dì, ajá á pẹ́ lórí rẹ̀. Àjẹkù ìkọ́kọrẹ́ kò yẹ, nítorí ata àti eegun ẹja. Bí àlùbọ́sà bá tún wà nínú rẹ̀, májèlé ni fún ajá. Ọjọ́ tí rọ́bà bá ti ń já ní kéékèèké ni kí wọ́n sọ ọ́ nù.

Bí ajá bá sì ti gbé eegun sísè mì, tí ara rẹ̀ kò yá, tí kò jẹun, tàbí tí ó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, kí wọ́n má rọ epo pupa sí i lẹ́nu láti mú un bì, nítorí eegun tó lọ láìgún ọ̀fun lè gún un ní àbọ̀. Dókítà ẹran ni kí wọ́n gbé e lọ bá lọ́jọ́ náà gan-an. Bí kò bá sí nítòsí, ilé ìwòsàn ẹranko tó wà ní Yunifásítì ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta wà níbẹ̀.