Ìkòkò Ilé àti Ìkòkò Ìjọba

Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 41:28-36, 1 Àwọn Ọba 4:7, 22-23

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìyá ilé tí yóò ka ojú ìwé yìí ni ó ti ṣe ìṣirò owó ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó tó gbé agbọ̀n lọ sí ọjà lánàá.

Ọ̀rọ̀ ìṣirò náà gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ilé kan ṣoṣo. Bí ìyá ilé ti ń kọ ohun tí ó rà sínú ìwé pélébé, bẹ́ẹ̀ náà ni orílẹ̀-èdè ń kọ tirẹ̀. Lọ́dọọdún ni àwọn oníṣirò máa ń béèrè pé: nínú gbogbo ohun tí a pèsè ní Nàìjíríà, èló ni àwọn ará ilé jẹ, tí wọ́n mu, tí wọ́n wọ̀, tí wọ́n sì fi wọ ọkọ̀? Èló ni ìjọba lò? Èló ni a sì yà sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́, ọ̀nà àti ẹ̀rọ tí yóò mú òmíràn wá lọ́la?

Bí ẹ bá bi ẹni tí ó jókòó tì yín nínú dánfó pé ta ni ó ń jẹ jù nínú wọn, kíá ni yóò dáhùn pé ìjọba ni. Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Ìwé ìṣirò kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìkòkò ilé ni ó tóbi jù, ó sì ju ti ìjọba lọ lọ́nà tí ó jìnnà. NBS, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìṣirò, gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 2020. Wọ́n ní owó tí àwọn ará ilé ná ní ọdún 2019 lé ní 40 trílíọ̀nù náírà. Gbogbo bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2019 kan náà, àti owó oṣù, àti gbèsè, àti ọ̀nà, kò tó 9 trílíọ̀nù.

Nínú 100 náírà tí àwọn ará ilé ná lọ́dún náà, bíi 57 ni ó bá oúnjẹ lọ. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Houston àti Chicago ń gbé ní ilẹ̀ tí ó jẹ́ pé bíi dọ́là 11 nínú 100 tí ó bá wọ ilé ni oúnjẹ ń gbà, àti èyí tí wọ́n jẹ ní ilé oúnjẹ pẹ̀lú. Kì í ṣe pé ọ̀fun wọn kéré ju tiwa lọ. Owó tí ó ń wọlé fún wọn ni ó pọ̀ débi tí oúnjẹ kò fi lè gbé e mì. Ilé tí oúnjẹ bá ti ń gba ohun tí ó ju ìdajì lọ, bí owó gàrí bá fò sókè, owó ilé-ìwé ọmọ ni yóò fò lulẹ̀.

Kí wá ni ó wà nínú ìkòkò ìjọba? Ohun tí àwọn oníṣirò ń kà sí ìlò ìjọba ni owó oṣù olùkọ́, ti nọ́ọ̀sì, ti ọlọ́pàá, ti sójà, ti akọ̀wé ní sẹkiteríàtì, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, oògùn, àti dísùù tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Ọ̀nà àti afárá kò sí níbẹ̀. Ìdókòwò ni wọ́n ń ka ìyẹn sí. Èlé orí gbèsè kò sí níbẹ̀. Àní owó ìrànwọ́ orí epo pẹ́tíróòlù, tí ó gba ohun tí ó ju trílíọ̀nù mẹ́rin náírà lọ ní ọdún 2022, kò sí níbẹ̀. (Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì wà, ìlà tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ará ilé, láàrín àwọn ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè. Owó oṣù pásítọ̀ yín wà nínú ìṣirò Nàìjíríà.) Nígbà tí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ báyìí, nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ọdún láti 2010 sí 2019, ìlò ìjọba ní Nàìjíríà kò tó 10 nínú 100 ohun tí orílẹ̀-èdè pèsè. Ní ilẹ̀ Bìrìtìkó, ó tó bíi 20.

Ẹ má tíì ṣe Àmín o. Ìjọba tí ìkòkò rẹ̀ kéré kì í ṣe ìjọba tí ó ń gbààwẹ̀. Ohun tí ìjọba kò bá sè fún gbogbo ìlú, olúkúlùkù ni yóò lọ sè é ní ilé ara rẹ̀, ní owó tí ó wọ́n jù. Iná kò sí, a ra jẹnẹrétọ̀. Omi kò sí, a gbẹ́ borehole tàbí kí a ra omi tánkà. Ààbò kò sí, àdúgbò dá owó ọlọ́dẹ. Olùkọ́ kò tó, a san owó lẹ́sìnnì. Ní ti ìwòsàn, ohun tí ó ju 70 lọ nínú gbogbo 100 náírà tí a ń ná sórí ìlera ní Nàìjíríà ni ó ń jáde tààrà láti inú àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí ni wọ́n kọ sábẹ́ ìnáwó ará ilé. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé ìnáwó àwọn ará ilé ti pọ̀ sí i, ẹ béèrè bóyá ẹran ni wọ́n fi kún ọbẹ̀ ni, tàbí epo ni wọ́n fi kún jẹnẹrétọ̀.

Ìran wa ti rí i rí bí ìlò ìjọba ti lè jẹ́ ìbùkún. Nígbà tí Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, lójú oníṣirò, ìlò lásán ni: owó oṣù olùkọ́, ìwé, ṣọ́ọ̀kì, a ná an tán lọ́dún náà. Ẹ wo àwọn àgbà ìjọ tí wọ́n lè ka Bíbélì fúnra wọn lónìí nítorí ọdún náà, kí ẹ sọ fún mi bóyá ó tán.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí Íjíbítì. Jósẹ́fù kò sọ fún Fáráò pé kí àwọn ènìyàn má jẹun ní ọdún méje ọ̀pọ̀. Ìdá kan nínú márùn-ún ni ó ní kí wọ́n mú: nínú àpò ọkà márùn-ún, ẹyọ kan lọ sí àká, mẹ́rin yòókù, ẹ jẹ ẹ́. Ọdún ọ̀pọ̀ tiwa bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 1973, nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrín Ísírẹ́lì àti àwọn Lárúbáwá, tí owó àgbá epo rọ̀bì kan sì fò láti bíi dọ́là mẹ́ta sí nǹkan bíi dọ́là méjìlá láàrín oṣù díẹ̀. Ẹ̀yin àgbà rántí Udoji. Ní ọdún 1974 ni ìgbìmọ̀ Olóyè Jerome Udoji jábọ̀, ìjọba Ọ̀gágun Gowon fi kún owó oṣù, wọ́n sì san ti ẹ̀yìn pọ̀ mọ́ ọn. Ẹlòmíràn ra alùpùpù, ẹlòmíràn ra fíríìjì, ẹlòmíràn fẹ́ ìyàwó kejì. Ní ọdún 1975, ọ̀wọ́n ọjà ti ju 30 lọ nínú ọgọ́rùn-ún, owó tuntun sì padà lọ sí ọwọ́ oníṣòwò. Ìjọba pẹ̀lú pàṣẹ sìmẹ́ǹtì bíi 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù láti òkè òkun, nígbà tí èbúté Èkó kò lè já ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ òkun tò sí ẹnu omi, tí sìmẹ́ǹtì ń dì nínú wọn.

Àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ní oṣù kẹrin ọdún 1982, Alhaji Shehu Shagari gbé òfin ìdín-ìnáwó-kù jáde. Ní 1986, Sáàpù dé. Kò sí ẹni tí ó ní láti ṣàlàyé èyí fún ẹni tí ó ti jẹ ẹ̀bà láìsí ẹran nígbà náà.

Ọdún ọ̀pọ̀ tún padà wá. Ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣí àpò kan ní ọdún 2004, Excess Crude Account, kí owó epo tí ó bá lé lè máa wọ ibẹ̀. Àká Jósẹ́fù ni bí a bá fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀. Ní ìparí ọdún 2008, bíi 20 bílíọ̀nù dọ́là ni ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2022, ohun tí ó kù kò tó ìdajì mílíọ̀nù dọ́là kan. Mílíọ̀nù ni mo wí, kì í ṣe bílíọ̀nù. Ìjọba àpapọ̀ àti àwọn gómìnà jọ ń bu ú ni, ọdún ìyàn kò sì tíì dé nígbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún ìyàn wá dé lóòótọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Pẹ́tíróòlù tí kò tó 200 náírà lítà kan di bíi 500 láàrín ọjọ́ díẹ̀. Nínú oṣù kẹfà, wọ́n tú náírà sílẹ̀. Dọ́là kan tí kò tó 500 náírà ní báǹkì di nǹkan bíi 1,500 ní ọdún 2024. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, owó oúnjẹ ti fi bíi 41 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ọdún kan ṣáájú lọ. Owó oṣù tí ó kéré jù, tí ó jẹ́ 30,000 náírà ní ọdún 2019, fẹ́rẹ̀ẹ́ ra àpò ìrẹsì méjì nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di 70,000 ní oṣù keje ọdún 2024, kò ra odidi àpò kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù nìyí. Bí ìkòkò ilé ti ń lọ sílẹ̀, ìkòkò ìjọba ń kún. Owó tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ pín láàrín ara wọn ní ọdún 2024 ju 15 trílíọ̀nù náírà lọ, ó sì fi púpọ̀ ju ti 2023 lọ. Èmi kò sọ pé ó burú kí wọ́n rí owó. Ilé ni owó náà ti kúrò, nítorí náà ilé ni ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bóyá ó padà wá gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì àti olùkọ́, tàbí ó lọ sórí tábìlì àwọn olóyè. Sólómọ́nì ní alákòóso méjìlá tí olúkúlùkù ń bọ́ ààfin fún oṣù kan lọ́dún. Oúnjẹ ọjọ́ kan ṣoṣo gba ọgbọ̀n màlúù àti ọgọ́rùn-ún àgùntàn, láìka ẹran ìgbẹ́ àti ìyẹ̀fun. Tẹ́ḿpìlì dúró, wúrà sì pọ̀ títí ọba fi kú. Nígbà tí ó kú tán, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ará ìlú wá bá ọmọ rẹ̀ sọ ni ọ̀rọ̀ àjàgà.

Ṣùgbọ́n kí a má fi ìka méjèèjì tọ́ka sí Abuja nìkan. Àwa náà ní ọdún ọ̀pọ̀ kékeré tiwa: ìgbà tí àjọ bá bọ́ sí wa lọ́wọ́, tàbí tí ọmọ bá fi páùn ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Mélòó nínú rẹ̀ ni ó dé àká? Mo ti rí aṣọ ẹbí tí wọ́n fi owó kòpẹ́ẹ̀rẹ́tíìfù rà, tí ẹni tí ó rà á kò sì ní owó ọkọ̀ ibi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè.

Bí ẹ bá jókòó fún àdúrà ẹbí ní alẹ́ òní, ẹ mú ìwé kan, kí ẹ fa ìlà méjì gùn ún. Ní apá kìn-ín-ní, ẹ kọ ohun tí ilé jẹ tí ó sì mu lóṣù yìí. Ní apá kejì, ẹ kọ ohun tí ẹ sanwó rẹ̀ nítorí pé ìjọba kò ṣe é. Ní apá kẹta, ohun tí ẹ fi pamọ́. Ẹ gbàdúrà lé apá kìn-ín-ní lórí. Ẹ mú apá kejì lọ bá kánsẹ́lọ̀ yín nígbà tí ó bá tún wá bẹ ìjọ wò fún ìbò. Mo ti ṣe tèmi. Apá kejì gùn ju ti kìn-ín-ní lọ: epo jẹnẹrétọ̀, omi tánkà, ọlọ́dẹ, lẹ́sìnnì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá mi. Ní apá kẹta, ìlà kan ṣoṣo ni mo rí kọ, ìyàwó mi ni ó sì rán mi létí rẹ̀.