Ojúbọ Kì Í Ṣe Ohun Ìwòran



Láìpẹ́ yìí, mo gbéra láti Oǹdó, mo bá àlejò mẹ́fà wọ ààfin àtijọ́ ti Déjì ní Àkúrẹ́. Àgbàlá tí ó wà níbẹ̀, tí ará Àkúrẹ́ ń pè ní ùà, lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí a dé Ùà Ubúra, níbi ìbúra, afinimọ̀nà tí ó kó wa wá ní: "Ibí ni àwọn baba wa ti ń búra nígbà àìmọ̀kan."

Èmi tí mo sin olúwo mi ní ọdún mẹ́rìnlá nítorí ìmọ̀ ni ó ń sọ fún! Àwọn tí ó búra níbẹ̀ bẹ̀rù irọ́. Lónìí, à ń búra láìbẹ̀rù, a sì ń pe baba wa ní aláìmọ̀kan. Ní 2008, UNESCO kọ Ifá mọ́ ogún gbogbo aráyé. Afinimọ̀nà wa kò tíì gbọ́.

N kò lòdì sí ìrìn àjò yìí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ sí ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ ní Wembley ní 1924. Òyìnbó fi àga ọba pààrọ̀ rẹ̀, ó sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù di òní. Ìwòran ni ó bẹ̀rẹ̀, àdánù ni ó já sí.

Nínú Ìwòrì Méjì, olùbọ ni ó ń bẹ Ifá pé kí ó tẹjú mọ́ òun. Ẹni tí ó bá wọ ojúbọ, òun gan-an ni a ń wò.

Nítorí náà, kí abọrẹ̀ máa bá afinimọ̀nà rìn, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé, kí ó sì fi ibi tí kámẹ́rà kò gbọdọ̀ dé hàn.