Ẹ Jẹ́ Kí Ohùn Ìlù Wa Wọ Inú Kọ̀ǹpútà Ilé-Ìwé Wa

Ní irú àsìkò àjọ̀dún yìí, a máa ń dá owó fún ohun tí ojú rí: yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, kànga, àga, kíbọọ̀dù fún ẹgbẹ́ akọrin. Kò sí èyí tí ó burú nínú wọn. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí a fi ohun kan tí etí nìkan ń mọ̀ kún un: kí àwọn ọmọ wa kọ́ bí a ti ń gba ohùn ìlù wa sílẹ̀, bí a ti ń tún un ṣe, àti bí a ti ń gbé e sínú kọ̀ǹpútà, kí kíbọọ̀dù tí a fi owó wa rà lè fi ohùn ilẹ̀ wa yin Olúwa.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí lè rò pé kíbọọ̀dù ni ó ń dá ohùn fèrè dún. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ti fun fèrè náà níwájú ẹ̀rọ rí. A gé ohùn náà ní ẹyọ-ẹyọ, a kó wọn jọ sínú fáìlì kan, a sì fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ bọ́tìnì tirẹ̀. Ní 1994, E-mu àti Creative gbé irú fáìlì tí a ń pè ní SoundFont jáde pẹ̀lú káàdì ohùn Sound Blaster AWE32, èyí tí ó jẹ́ kí ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà nílé lè kó ohùn tí ó bá wù ú sínú rẹ̀. Nígbà náà, àyè tí káàdì yẹn ní fún ohùn tuntun kò ju kilobyte 512 lọ, àfi bí a bá ra kún un. Lónìí, àyè inú kọ̀ǹpútà alágbèéká lásán ju èyí lọ lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ọ̀fẹ́ sì ni ètò Polyphone tí a lè fi tún irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ṣe.

Kí ni ó wà nínú àkójọ ohùn tí a ń bá lọ́jà? Ní 1991, àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ orin fohùn ṣọ̀kan lórí ohùn 128 tí ẹ̀rọ wọn yóò máa tò ní ipò kan náà. Wọ́n pè é ní General MIDI. Koto àwọn ará Japan wà ní ipò 108, ìlù taiko wọn sì wà ní ipò 117. Ní ipò 114, ọ̀rọ̀ Yorùbá kan wà níbẹ̀: Agogo. Kì í ṣe àwa tí a wà nílé ni a fi í ránṣẹ́. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil ni ó gbé e dé ọ̀hún, orin samba sì sọ ọ́ di ohun tí ayé mọ̀. Dùndún kò sí níbẹ̀ rárá. Ta ni ó yẹ kí ó gbé e débẹ̀ bí kò ṣe àwa?

Bí a óò bá gbé e, a gbọ́dọ̀ gbé e dáadáa, nítorí dùndún ń sọ̀rọ̀. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀: ohùn nìkan ni ó yà wọ́n. Bí a bá gba ìró kan ṣoṣo sílẹ̀, tí a sì nà án kárí gbogbo kíbọọ̀dù, lókè yóò dún bí ìlù ìṣeré ọmọdé, nísàlẹ̀ yóò dún bí ohùn ẹni tí oorun ń kùn. Nítorí náà, a ní láti gba ìró ìyáàlù sílẹ̀ bí a ti ń fún ọ̀sán rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí kọ̀ǹgọ́ bà á jẹ́jẹ́, kí ó sì bà á kíkankíkan. Lẹ́yìn èyí, a óò gé ìdákẹ́jẹ́ iwájú ìró kọ̀ọ̀kan kúrò, kí ìró má baà pẹ́ lẹ́yìn ìka. Ó wá ku yíyọ́ ohùn. Nígbà tí a bá pe “ìlú”, ohùn kì í fò sókè; ó ń yọ́ gòkè ni. Kẹ̀kẹ́ kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọọ̀dù ni a fi ń ṣe èyí, ṣùgbọ́n bí a ti sábà máa ń ṣètò rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, kì í gbé ohùn sókè kọjá ìwọ̀n dò sí re. A ní láti fẹ ìwọ̀n náà kí ó tó lè tẹ̀lé apá onílù. Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù fi fèrè àti dùùrù ṣe àpẹẹrẹ ọ̀ràn yìí gan-an nínú 1 Kọ́ríńtì orí 14: ohùn tí kò ní ìyàtọ̀ kò lè yé ẹnikẹ́ni.

Ìjà àtijọ́ ni èyí. Nígbà tí a túmọ̀ orin ìyìn àwọn òyìnbó, a fi ọ̀rọ̀ wa sínú ohùn orin wọn, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ sì pàdánù ìtumọ̀ lẹ́nu ìjọ. T. K. Ekundayo Phillips, atẹdùùrù Kàtídírà Kírísítì ní Èkó, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí orin ìsìn tí ó tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ìwé rẹ̀, Yoruba Music, jáde ní 1953. Kò yẹ kí a tún pàdánù lórí ẹ̀rọ ohun tí bàbá yẹn jà fún nínú ìwé orin.

Àwọn kan yóò bi mí pé: ìlù tí ọ̀pọ̀ míṣọ́nnárì àkọ́kọ́ kọ̀ nítorí òrìṣà, ṣé òun ni a óò gbé wọ ilé-ìwé Kristẹni? Igi, awọ àti ọ̀sán kò ní ẹ̀sìn. Ẹni tí ó ń lù ú ni ó ní. Àtakò kejì ni ó wúwo lọ́kàn mi: ṣé ẹ̀rọ kò ní gba oúnjẹ lẹ́nu onílù? Ó lè gbà á, bí a bá jí ohùn rẹ̀ gbé. Ọmọ Àyàn tí ó bá lù fún wa, kí a tọrọ àṣẹ rẹ̀, kí a sanwó fún un, kí a sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú fáìlì náà. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni kí a pè. Ẹ̀rọ wà fún ìdánrawò, àti fún ọmọ tí ó fẹ́ kọ orin nígbà tí kò sí onílù nítòsí.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀: máíkì kan tí ó dára, kọ̀ǹpútà kan, yàrá tí kò ní ariwo, àti ọjọ́ Sátidé mélòó kan. Kí olùkọ́ orin àti olùkọ́ kọ̀ǹpútà jọ ṣe é. Kí a pe àwọn onílù láti Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, pẹ̀lú ìyáàlù, gúdúgúdú, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo. Bí àwọn onílù bá gbà, kí a fi fáìlì náà ta ilé-ìwé gbogbo ní Òkè-Ògùn lọ́rẹ. Èyí kò lè ṣàjèjì sí ará Ìsẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ òwú dídán tí a fi ń hun aṣọ òkè lónìí, òkèèrè ni ó ti ń wá. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ń pe aṣọ náà ní ti òkèèrè, nítorí òfì wa ni ó hun ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ó rí pẹ̀lú ẹ̀rọ orin yìí lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa.

Kí Olúwa bùkún ilé-ìwé wa, kí ó sì jẹ́ kí ẹ̀mí wa gùn láti ṣe àjọ̀dún mìíràn. Àmín.